Ìjókòó mẹ́rìnlá, àyà ṣì ń já mi nínú bọ́ọ̀sì

Ẹ ní ẹ ti jókòó ti onítọ́jú ọkàn (ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ẹ̀rù àti ìrònú) lẹ́ẹ̀mẹrìnlá nítorí ìpayà òjijì tó máa ń ká yín mọ́ inú bọ́ọ̀sì. Ẹ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ sì ti ro ìtàn ìgbà èwe yín fún un tán, síbẹ̀ bọ́ọ̀sì ò ṣeé wọ̀. Tó bá bi yín pé báwo ni, ẹ ó ní "ó ń dára." Ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ̀yin lẹ le jù.

Ẹ̀yin kọ́. Bí mo ṣe rí i nínú lẹ́tà yín, ìtọ́jú tí ẹ ń gbà ni kò bá ohun tó ń ṣe yín mu.

Nígbà tí àyà bá ń lù kì kì kì, ẹ máa ń gbà pé ikú dé, ẹ ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ara á rọ̀ yín. Sísá yẹn gan-an ló ń kọ́ ọpọlọ pé ewu wà nínú bọ́ọ̀sì. Ìtàn ìgbà èwe kò lè tú ẹ̀kọ́ yẹn palẹ̀. Ohun tó ń tú u ni kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mí lemọ́lemọ́ fún bí ìṣẹ́jú kan níwájú onítọ́jú, kí ẹ rí i pé àyà yóò lù, yóò sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. (Ẹni tó ní àrùn ọkàn inú àyà, ikọ́ fée (àsímà) tàbí wárápá, tàbí tó lóyún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.) Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀sì: ibùdókọ̀ kan, ó di méjì, ó di mẹ́ta, láìsá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá dé góńgó. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ìlera kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi wákàtí 7 sí 14 sí irú ìtọ́jú yìí, kó má sì ju oṣù 4 lọ.

Bí ẹ kò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ ṣe é. Tàírọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn) tó ń ṣiṣẹ́ jù náà máa ń mú àyà lù.

Ní ìjókòó tó ń bọ̀, kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ wí pé: "Ìjókòó 14 ti kọjá, mi ò tíì wọ bọ́ọ̀sì. Kí lẹ rò pé ó ń fà á, kí la máa ṣe sí i, ọ̀sẹ̀ mélòó la ó fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́?" Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti di ilẹ̀kùn mú. Ẹ mú ìwé dání pẹ̀lú: ìpayà mélòó lọ́sẹ̀, ibùdókọ̀ mélòó. Onítọ́jú kì í sábà fura fúnra rẹ̀ pé ìtọ́jú òun kò ṣiṣẹ́, "ó ń dára" yín sì ń bò ó lójú. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò yí ètò padà. Bó bá ní ẹ̀yin lẹ ń ṣagídí, ọ̀rọ̀ ti yé yín nìyẹn.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kojú bọ́ọ̀sì, ẹ ó gbọ̀n lọ́jọ́ náà, kò burú. Àmọ́ bí oorun bá ń dín kù, tí ibi tí ẹ ń sá fún sì ń pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ẹ má gbà pé "ó ní láti burú kó tó dára." Nínú 100 àgbàlagbà tó ń gba ìtọ́jú ọkàn, bíi 5 sí 10 ló ń burú sí i. Bí èrò ikú bá sì yọjú, ẹ pe àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ fún un ní ìjókòó mẹ́rin sí i. Bí kò bá sí ìyípadà, ẹ gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín, kí ẹ máa lọ. Ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè jẹ́jẹ́ tó ṣe sí yín. Kí ẹ tó sanwó fún ẹlòmíì, ẹ bi í lórí fóònù pé: "Ìjókòó kelòó la máa wọ bọ́ọ̀sì?"