Erìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀ àti Làkúrègbé

Ìbéèrè yín ni pé ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní ìdí eyín yín nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu kan làkúrègbé tó mú yín lọ́wọ́, àbí ọ̀ràn ọ̀tọ̀ ni. Ó kàn án, èmi tí àrùn méjèèjì sì ti jọ ń bá fínra láti ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú kékeré wò ó.

Oríṣi làkúrègbé tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń dojú ìjà kọ oríkèé tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Porphyromonas gingivalis, tó fẹ́ràn láti sá pamọ́ sábẹ́ erìgì, ní ẹ́ńsáìmù kan tó lè yí purotéènì ara wa padà, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ wà lára ibi tí ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn purotéènì tó yí padà báyìí ni ara máa ń ṣe ohun ìjà lòdì sí. Ohun ìjà yìí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ anti-CCP ń wá, ó sì lè ti wà lára fún ọdún mélòó kan kí oríkèé kankan tó wú. Sìgá mímu ń dá kún àrùn méjèèjì.

Dókítà eyín yóò ti ọ̀pá tín-ín-rín kan tí a fa ìlà mìlímítà sí bọ àárín eyín àti erìgì, yóò sì máa pe iye tó wọlé fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá ju 3 lọ, kò séwu. Tèmi dé 6 ní ọ̀dọ̀ àwọn eyín ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ eyín kankan kò dùn mí. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, wọ́n sì ha ìdọ̀tí tó ti dì mọ́ gbòǹgbò eyín kúrò. Ẹ̀jẹ̀ náà dá, líle tí ìka mi máa ń le láàárọ̀ sì dín kù, ṣùgbọ́n làkúrègbé kò lọ, mo ṣì ń lo oògùn dókítà oríkèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá tiyín dúró.

Ẹ ka gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún dókítà eyín kó tó fọwọ́ kan ẹnu yín, pàápàá èyí tó ń rẹ agbára àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀ àti èyí tó ń mú egungun le. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ẹ fi aṣọ wé ibi tí ẹ ń dì mú kó lè nípọn, bí èmi ti ń ṣe, kí ẹ sì fara balẹ̀ fọ ẹnu dáadáa ní alẹ́, nígbà tí ìka bá ti rọ̀.