Ihò bẹ́rìn kò bá férémù mu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mò ń yà nínú FreeCAD (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ) fún wẹ́dà kan ládùúgbò wa. Ẹ̀yà mọ́kàndínlógún ni, mo ya ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n sì dára. Ìgbà tí mo kó wọn jọ ni ihò bẹ́rìn (ohun tó gbé ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí, dúró) kò bá ti férémù mu. Mo sún ihò, ṣáàfù yẹ̀. Mo ní kí ṣáàfù nípọn sí i, kọ̀ǹpútà wá ń kọ ọ̀rọ̀ pupa jáde, ó ní “graph must be a DAG”. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí. Nínú iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbowó lé, mo gbà lọ́kàn ara mi pé UCP205 (nọ́ńbà tó ń sọ irú bẹ́rìn àti ìwọ̀n rẹ̀) ni bẹ́rìn tí wọ́n máa rà, mo fi mìlímítà 105 sáàárín ihò bóòtù rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti lu irin tán kí oníbàárà tó gbé UCP206 dé. Ti ìyẹn, 121 ni. Mìlímítà 16 péré ló jẹ owó iṣẹ́ mi.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n máa rà lọ́jà, kí wọ́n rà á ná, kí o fi kálípà wọ̀n ọ́n. Férémù ló ń tẹ̀ lé bẹ́rìn.

Ní ti ọ̀rọ̀ pupa yẹn, DAG ni àsopọ̀ tí kì í yípo padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀; ìwọ ti so wọ́n yípo ni. Ihò férémù ń wo bẹ́rìn, bẹ́rìn ń wo ṣáàfù, ṣáàfù tún ń wo férémù kó tó mọ gígùn ara rẹ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ dìde?

Ṣí fáìlì tuntun, kí o sì fi Spreadsheet (tábìlì nọ́ńbà) kan sí i. Gbogbo nọ́ńbà tó bá kan ju ẹ̀yà kan lọ, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀: fífẹ̀ ṣáàfù (mìlímítà 25), àárín ihò bẹ́rìn (105), ìdí bẹ́rìn sí àárín ṣáàfù (36.5). Fún wọn ní alias, ìyẹn orúkọ tí àwọn ẹ̀yà á máa fi pè wọ́n. Wá ya sketch (àwòrán onílà) kan ṣoṣo tí mo máa ń pè ní egungun: ìlà àárín ṣáàfù, ẹsẹ̀ férémù, ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Òun ni kí gbogbo ẹ̀yà máa wò. Ẹ̀yà kò gbọdọ̀ wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní 206 làwọn fẹ́ lọ́la, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lo máa yí padà, kí o lọ jẹun.

Assembly, ibi tí a ti ń kó ẹ̀yà jọ, ti wà nínú FreeCAD fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 1.0, ti oṣù kọkànlá 2024. Férémù nìkan ni kí o fi Grounded kàn mọ́lẹ̀. Fi Fixed (àsopọ̀ tí kì í mira) so bẹ́rìn méjèèjì mọ́ ọn. Bẹ́rìn kan péré ni kí o fi Revolute (àsopọ̀ tó ń jẹ́ kó yí) so ṣáàfù mọ́. Bí o bá tún so èkejì bẹ́ẹ̀, àsopọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Púlì tí bẹ́líìtì ń yí àti dúrọ́ọ̀mù tó ń rin ẹ̀gẹ́, Fixed mọ́ ṣáàfù. Wá fi máòsì fa púlì: dúrọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ yí, kí férémù má mira. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá bá ọ rìn, o ti gbàgbé Grounded.

Mo tún rí i nínú àwòrán rẹ pé róbótó ni ihò ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí wọ́n gùn gbọọrọ. Bẹ́líìtì á dẹ̀ lọ́jọ́ kan, wẹ́dà yẹn á sì fẹ́ fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn.