Wọ́n ní ọmọ náà kì í ṣe tiwọn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọlọ́kadà tó ń gbé oúnjẹ kiri ya ọkọ̀ yín lára ní Bódìjà, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa san án. Ojú mi ti rí i rí.

Lọ́dún 2023, ọ̀kan nínú wọn kọ lu Corolla mi látẹ̀yìn ní Mọ́kọ́lá. Bọ́ńpà já, bùútù ò tì mọ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí títì. Àánú ṣe mí, mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mo ní kó máa lọ. Ọjọ́ kejì, nọ́ńbà ò wọlé mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó ti kọ nọ́ńbà ọ̀kadà sẹ́yìn páálí.

Ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpótí ọmọ náà, wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, alájọṣe ni. Alájọṣe tí wọ́n ń bá dá iye tó máa gbà, tí wọ́n sì lè yọ kúrò lórí app nígbà tó bá wù wọ́n!

Lọ́yà mi ní Ìyágankú ṣàlàyé pé ọ̀gá ló ń dáhùn fún jàǹbá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kì í sábà dáhùn fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ náà sá sí. National Industrial Court wa, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, ò gbà lọ́dún 2018 pé òṣìṣẹ́ Uber, iléeṣẹ́ ọkọ̀ orí app, làwọn awakọ̀ tó pẹjọ́. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìlú ọba dá àwọn awakọ̀ Uber tiwọn láre. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ awakọ̀ ni ẹjọ́ méjèèjì dá lé, kì í ṣe tèmi tí wọ́n fọ́ bọ́ńpà mi. Lọ́yà ní mo lè gbìyànjú ẹ̀, owó ẹjọ́ á kàn ju owó bọ́ńpà lọ.

Ẹni tó ni ọ̀kadà ni kẹ́ ẹ wá. Òfin sọ ọ́ di dandan kí ọ̀kadà ní inṣọ́ránsì third party, èyí tó ń san ohun tó bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, ₦3,000 péré lọ́dún. Bí ìwé rẹ̀ bá pé, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì ló máa san. Ní tèmi, inṣọ́ránsì ẹni tó ni ọ̀kadà náà, ní Mọ̀lété, ti parí. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti dé tẹ́ṣàn, ó san ₦60,000, mo fi tèmi kún un.

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ọmọ náà lọ o, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọ̀kadà, àpótí, àti ojú fóònù rẹ̀ níbi tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti hàn. Tèmi, wọ́n ní ó ti pa app kó tó débẹ̀. Èmi tí mo rí ìrẹsì tó dà sí títì, tó ṣì ń rú èéfín.