Báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ Gods Unchained láì náwó?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Eré káàdì orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Gods Unchained. Fi ímeèlì ṣí àkáǹtì, kí o sì gba eré náà sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa fún ọ ní káàdì ìbẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ìwọ̀nyẹn kò ṣeé tà. Káàdì 30 lo máa kó wọ ìjà lábẹ́ ọ̀kan nínú òrìṣà mẹ́fà. Nature, òrìṣà ìṣẹ̀dá, ni kí o kọ́kọ́ mú, torí àwọn ẹ̀dá rẹ̀ máa ń tètè ya bo ọ̀tá. Àwọn káàdì tí o bá jẹ nínú eré lo lè pa ẹ̀dà wọn pọ̀ pẹ̀lú tókìn GODS (owó orí ayélujára tí eré náà ń lò), kí wọ́n tó bọ́ sórí blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ orí ayélujára tó ń fi ẹni tó ni nǹkan hàn), tí wọ́n á sì di èyí tó ṣeé tà. Jọ̀ọ́, tí o bá lo MetaMask (àpamọ́wọ́ orí ayélujára fún tókìn àti káàdì), ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tó ń ṣí i, orí ìwé ni kí o kọ ọ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ léèrè rẹ̀, olè ni.