Ta ni ìkà nínú ìtàn náà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì apanilẹ́rìn-ín nìkan ni ọmọ mi, ẹni ọdún 15, ń kà. Ayé á máa parẹ́, òun á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ìkà ni ọmọ aráyé, kò sì sí àtúnṣe. Ṣé kí n gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má gbà á. Wọ́n ti bi mí ní irú èyí tó ọ̀pọ̀ ìgbà, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń ṣìnà. Ẹ tún àwọn ìtàn náà kà. Ìkà ṣọ̀wọ́n nínú wọn.

Ẹ wo Cat's Cradle tí Kurt Vonnegut kọ ní 1963. Ẹrẹ̀ sú ọ̀gágun kan, kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ máa rì sínú rẹ̀ mọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà bá ṣe yìnyín kan, tó jẹ́ pé omi tó bá ti kàn án, dídì ni yóò dì, ìbáà jẹ́ níbi tí kò tutù. Ìwádìí dùn mọ́ ọn, kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí dídì náà yóò dúró. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in bí ogún: ọ̀kan fi wá ọkọ, ọ̀kan fi ra ipò. Nígbẹ̀yìn ó bọ́ sínú òkun, ó parí. Ta ni ìkà níbẹ̀? Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe ẹni tí kò mọ ogun: ẹlẹ́wọ̀n ogun ni Vonnegut ní Dresden, ní Jámánì, nígbà tí bọ́ǹbù jó ìlú náà ní oṣù kejì ọdún 1945.

Nínú fíìmù Dr. Strangelove (1964), lóòótọ́, orí ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan dàrú, ó sì rán ọkọ̀ òfurufú lọ ju bọ́ǹbù sí Soviet, ìyẹn Rọ́ṣíà àtijọ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè pa ayé. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Soviet ṣe láti fi dẹ́rù ba ọ̀tá, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá dúró, ló bá a parí rẹ̀. Wọn kò sì tíì sọ fún ọ̀tá pé ẹ̀rọ náà wà, torí olórí wọn fẹ́ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀!

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa láì béèrè ohun tí iṣẹ́ náà yóò bí, òun ni àwọn òǹkọ̀wé yìí ń bẹ̀rù. Ó sì ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, kọ̀ǹpútà sọ fún Stanislav Petrov, ọ̀gá ológun Soviet kan, pé Amẹ́ríkà ti yin mísáìlì. Ó kọ̀, kò gba ẹ̀rọ gbọ́, ó ní irọ́ ni. Irọ́ náà ni: ìtànṣán oòrùn lára ìkùukùu ló tan sátẹ́láìtì wọn jẹ. Ọmọ tó ti kọ́ láti fi òfin tí kò mọ́gbọ́n dání rẹ́rìn-ín ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun tí Petrov ṣe.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Bí ọmọ náà kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ mú un lọ rí dókítà lónìí. Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ yá ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ wá bi í pé ta ló yẹ kó sọ pé "rárá", ojú ìwé wo sì ni.