Ọkàn ìyá yín tó tún sáré lẹ́yìn ablation

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ṣe ablation (fífi ooru tàbí òtútù sun ibi kan nínú ọkàn) fún wọn nítorí atrial fibrillation, àìsàn tí ọkàn fi ń lù ségesège, ọkàn wọn wá tún sáré lóru àná, ẹ sì ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ náà kò jẹ́. Ó ṣì yá jù láti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá ní London.

Ibì kan ṣoṣo lápá òkè ọkàn ló yẹ kí iná mànàmáná tó ń mú un lù ti máa wá. Nínú àìsàn yìí, iná míì á máa ṣẹ́ yọ, pàápàá láti ẹnu àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró. Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux ló fi èyí hàn lọ́dún 1998. Dókítà á gba iṣan itan wọlé, á fi ooru tàbí òtútù sun ẹran tó yí ẹnu iṣan wọ̀nyẹn ká. Ojú ibẹ̀ á di àpá, àpá kì í sì í gbé iná. Iná míì yẹn dà bí ewúrẹ́: kò kú o, ọgbà ni wọ́n fi yí i ká.

Àmọ́ àpá kì í gbó lọ́jọ́ kan. Egbò inú ọkàn ìyá yín ṣì tutù, ó ṣì wú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í ka ìsáré oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ sí ìkùnà. Tó bá ṣì ń ṣe wọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ó lè jẹ́ pé àlàfo ṣẹ́ kù nínú àpá tí iná ń rí gbà kọjá. Wọ́n á wọlé lọ dí i, bí wọ́n ṣe dí tèmi.

Ẹ béèrè ìwé ECG wọn, ìwé tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń rìn, ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí. Nínú tèmi àtijọ́, ìlà ń gbọ̀n wìrìwìrì láàárín igi gíga kan sí èkejì, àwọn igi náà kò sì jìnnà síra lọ́gbọọgba. Nínú tuntun, òkè kékeré kan ń yọ ṣáájú igi kọ̀ọ̀kan: P wave, àmì pé iná tún ń wá láti ibi tó yẹ. Nọ́ọ̀sì fìka tọ́ka sí i, díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ẹ má fòyà bí ọkàn wọn bá ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Sísun tí wọ́n sun ẹran ọkàn yẹn máa ń kan àwọn nerve kéékèèké, okùn tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ, tó ń bá ọkàn fa ìjánu.

Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ńkọ́? Wọn ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra wọn, bí ọkàn tilẹ̀ ń lù geere. Ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, irú nǹkan wọ̀nyẹn ni àwọn dókítà ń wò kí wọ́n tó ní kéèyàn jáwọ́.

Èyí tí kì í ṣe eré rárá ni ibà, tàbí kí wọ́n máa ní ìrora bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ mì, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀yìn ọkàn gan-an ni ọ̀nà oúnjẹ gbà kọjá, ooru náà lè dé ibẹ̀. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń pani. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún àwọn dókítà ibẹ̀ pé ìyá ti ṣe ablation.