Èsì: Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni wá. Awakọ̀ hẹlikọ́pítà ní ká sọ ìwọ̀n ara wa, ó sì ní àwa 3 péré lòun lè gbé. Ṣé ó rí wa fín ni?

Rárá o, ará Iléṣà, kò rí yín fín. Tó bá jẹ́ hẹlikọ́pítà kékeré Robinson R44 ni, ìjókòó 4 ló ní, awakọ̀ sì ti gba ọ̀kan. Ẹnìkan nínú ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́rin á dúró sílẹ̀ ni.

Ẹ sọ ìwọ̀n yín ní òdodo, ẹ ka báàgì mọ́ ọn. Bí oòrùn bá mú, tí ẹ sì ń gun òkè, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, agbára tí abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà fi ń gbé e á dín kù.

Tó bá jẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ fẹ́ wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọyẹ́. Eruku á bo gbogbo ẹwà yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni kí ẹ lọ, láàárọ̀, tí kùrukùru bá ti ká.